Yí I Wálẹ̀ Díẹ̀: Ohun Tó Ń Mú Kí Túùbù Tiransímítà Pẹ́ Láyé

Mo pa túùbù kan ní ọdún tó kọjá. Kò já bọ́ lọ́wọ́ mi, n kò sì da omi sí i. Mo rò pé ìrànlọ́wọ́ ni mò ń ṣe fún un.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nínú láàbù tí mo ti ń ṣe ìwádìí fún ìwé ẹ̀rí kejì, a ní ẹ̀rọ kan tó ń fi ìgbì rédíò mú irin gbóná títí yóò fi yọ́. Ẹ̀rọ náà dàgbà jù mí lọ. Nínú rẹ̀ ni túùbù ńlá kan wà, irin àti seramiki funfun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra, tó wúwo tó àpò ìrẹsì kékeré. Nígbà tó yá, agbára ẹ̀rọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Irin tó máa ń yọ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá wá ń gba ogún ìṣẹ́jú. Mo wo ojú ẹ̀rọ náà dáadáa, mo rí ibi tí wọ́n ti ń yí iná wáyà inú túùbù sókè sódò, mo bá yí i sókè díẹ̀. Kíá ni agbára padà! Inú gbogbo wa dùn, wọ́n tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní "Ẹnjiníà".

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, túùbù kú pátápátá. Owó tuntun rẹ̀ ju owó ilé-ìwé mi lọ. Iṣẹ́ mi dúró fún oṣù márùn-ún gbáko.

Ẹni tó là mí lójú ni bàbá kan ní àdúgbò wa, tó ṣiṣẹ́ nídìí tiransímítà tẹlifíṣọ̀n fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún kó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí mo ro ẹjọ́ mi tán, bàbá rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, ìwọ lo pa á."

"Bàbá, kí lẹ wí? Mo tún un ṣe ni o. Ṣebí agbára rẹ̀ padà?"

"O ò tún un ṣe. Ńṣe lo ní kó jẹ oúnjẹ ọ̀la rẹ̀ lónìí."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé lọ sílé, tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Ohun tí mo rí yà mí lẹ́nu. Láyé àtijọ́, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń yí wáyà kan wálẹ̀ díẹ̀ nínú túùbù lè mú kí ó lo ìlọ́po méjì ọjọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ìdajì ló ń jẹ. Ẹ̀kọ́ físíìsì gidi ló wà nídìí rẹ̀, kò sí oògùn níbẹ̀.

Kí ni túùbù yìí gan-an?

Kí tẹlifíṣọ̀n ilé tó lè gbé àwòrán, ẹ̀rọ kan gbọ́dọ̀ ju àwòrán náà sínú afẹ́fẹ́. Ẹ̀rọ yẹn là ń pè ní tiransímítà. Àmì tó ń ti sítúdíò wá kéré jọjọ, kò lè dé ilé kejì. Túùbù agbára ló ń sọ ọ́ di ńlá, tó ń fún un ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọ́ọ̀tì kó lè rìn dé ọ̀pọ̀ kìlómítà. Àwọn àgbà ẹnjiníà wa tí wọ́n kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń pè é ní fáàfù.

Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, ọdún 1959, tí ó ń ta àwòrán láti orí òkè Mápó, túùbù ló wà nídìí rẹ̀. Kò sí ọ̀nà mìíràn nígbà yẹn. Gbogbo tiransímítà tẹlifíṣọ̀n tó wà láyé ní ọdún náà, túùbù ni wọ́n ń lò, nítorí pé tíránsísítọ̀ ìgbà yẹn kò lágbára iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Ẹ fojú inú wo ìgò kan tí wọ́n fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Láàárín rẹ̀ ni wáyà kan wà tí wọ́n ń pè ní fílámẹ́ǹtì. Tí iná bá gba inú wáyà yìí kọjá, ó máa gbóná títí tí yóò fi máa tàn yòò. Nígbà tó bá gbóná tó bẹ́ẹ̀, àwọn nǹkan kéékèèké tó ń jẹ́ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù máa ń fò jáde láti ara rẹ̀. Irin kan tó yí wọn ká lóde, anode ni orúkọ rẹ̀, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún fólítì lára, òun ló sì ń fà wọ́n mọ́ra. Láàárín wáyà àti anode ni àwọ̀n kan wà. Iná kékeré tí a bá fi sára àwọ̀n yìí ló ń pinnu iye ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó máa kọjá.

Ó dà bí ẹnu ẹ̀rọ omi. Ọmọdé lè fi ọwọ́ kan ṣoṣo yí i, kí omi tó lè gbé agbada lọ sì tú jáde. Lee de Forest, ará Amẹ́ríkà, ló fi àwọ̀n yìí sínú túùbù láàárín ọdún 1906 sí 1907. Ṣáájú rẹ̀, ní ọdún 1904, John Ambrose Fleming ti ṣe èyí tí kò ní àwọ̀n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà ni rédíò, àti tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn rẹ̀, ti ní ohun tí wọ́n lè fi pariwo.

Kí ló wá ń pa á?

Èrò mi tẹ́lẹ̀ ni pé iṣẹ́ ló ń pa túùbù, bí iṣẹ́ ṣe ń pa mọ́tò. Àmọ́ nínú ọ̀pọ̀ túùbù ńlá, tí kò bá sí ìjàǹbá, fílámẹ́ǹtì ló máa ń kọ́kọ́ tán. Ká mọ ìdí rẹ̀, a ní láti wo ohun tí wọ́n fi ṣe wáyà náà.

Tungsten ni. Tí ó bá jẹ́ tungsten nìkan, ó máa gbóná dé nǹkan bíi 2,500 Kelvin kó tó tú ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó pọ̀ tó jáde. Iná tó máa jẹ pọ̀ jù. Ní láàbù General Electric ní Schenectady, ní Amẹ́ríkà, Irving Langmuir rí i pé tí wọ́n bá po thorium díẹ̀ mọ́ tungsten, ìwọ̀n bíi ìdá kan sí méjì péré nínú ọgọ́rùn-ún, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù máa ń jáde ní ìrọ̀rùn. Thorium yìí máa ń rìn láti inú wáyà wá sí ojú rẹ̀, ó máa ń tẹ́ síbẹ̀ ní ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò nípọn ju átọ́ọ̀mù kan lọ. Ìpele yẹn ló ń ṣílẹ̀kùn fún ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Nítorí náà, 2,000 Kelvin ti tó fún wáyà náà, ìyẹn nǹkan bíi 1,730 dígírì Celsius. Langmuir gba Ẹ̀bùn Nobel nínú kẹ́místìrì ní ọdún 1932 fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú àwọn nǹkan.

Ìṣòro kan wà. Thorium tó wà lójú wáyà máa ń fò lọ díẹ̀díẹ̀ nítorí ooru, a sì ní láti máa fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ láti inú. Inú wáyà, thorium so mọ́ ọ́síjìn, kò lè dá rìn. Ohun tó ń tú u sílẹ̀ ni kábọ́ọ̀nù. Níbi iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe túùbù, wọ́n máa ń fi kábọ́ọ̀nù jẹ ara wáyà náà. Kábọ́ọ̀nù yìí ló máa ń gba ọ́síjìn lọ́wọ́ thorium. Bí ó bá ti gbà á, òun fúnra rẹ̀ di gáàsì, ó lọ nìyẹn.

Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Ó dà bíi fìtílà. Tungsten ni òwú, kábọ́ọ̀nù ni epo, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń fò jáde ni ìmọ́lẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe túùbù ni wọ́n ti bu epo sí i, kò sì sẹ́ni tó lè bu òmíràn kún un láìṣí ìgò náà. Tí epo bá tán, òwú wà níbẹ̀ o, kò já, iná ń gbà á kọjá, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ kò sí mọ́.

Oúnjẹ ọ̀la tí bàbá ń wí nìyẹn. Kábọ́ọ̀nù ni mo jẹ.

Ìdá mẹ́ta péré

Báwo ni epo yìí ṣe ń yára tán tó? Ó wà lọ́wọ́ ooru, ooru sì wà lọ́wọ́ fólítéèjì tí a fún wáyà náà. Eimac, ilé-iṣẹ́ túùbù tí William Eitel àti Jack McCullough dá sílẹ̀ ní California ní ọdún 1934, fi ìṣirò kan síta tí àwọn ẹnjiníà tiransímítà mọ̀ bí ẹní mọ owó. Tí fólítéèjì fílámẹ́ǹtì bá fi ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún (3%) lọ sókè, ooru wáyà máa fi nǹkan bíi 20 dígírì pọ̀ sí i, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó lè jáde máa fi 20% pọ̀ sí i, ọjọ́ ayé túùbù máa dín kù sí ìdajì.

Ẹ tún un kà. 3% sókè, ìdajì ayé ti lọ.

Ẹ wo bí ó ṣe kéré tó. Túùbù kan wà tí wọ́n lò gan-an nínú iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, 4CX15000A ni wọ́n ń pè é. Fílámẹ́ǹtì rẹ̀ ń gba 6.3 fólítì àti 160 áńpíà. Tí ẹ bá sọ wọ́n di púpọ̀, ó lé ní 1,000 wọ́ọ̀tì. Áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ odidi kan nìyẹn, láti mú wáyà gbóná nìkan, kó tó ṣiṣẹ́ kankan. Ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún 6.3 fólítì kò tó 0.2 fólítì. Bátìrì rìmóòtù kan ṣoṣo tó 1.5 fólítì. Èyí tó ń pín ọjọ́ ayé túùbù sí méjì kò tó ìdá méje bátìrì yẹn.

Kí ló dé tí nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀ fi lágbára tó báyìí? Owen Richardson, tó gba Ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì ti ọdún 1928, ló fi ìṣirò hàn wá pé ìtújáde ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kì í pọ̀ ní ìwọ̀n-n-tún-wọ̀n pẹ̀lú ooru. Ńṣe ló máa ń fò sókè. 20 dígírì nínú 2,000 jẹ́ ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún, síbẹ̀ ìtújáde ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù fi 20% yí padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni kábọ́ọ̀nù ṣe ń sáré tán.

Ìròyìn ayọ̀ ibẹ̀ ni pé ọ̀nà méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́. Tí a bá yí i wálẹ̀ díẹ̀, ọjọ́ ayé á gùn. Túùbù tuntun sì sábà máa ń ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ju èyí tí iṣẹ́ nílò lọ. Àṣekù yẹn ni a lè tọ́jú fún ọ̀la.

Bí wọ́n ṣe ń yí i wálẹ̀

Bàbá kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà ayé wọn, ó sì bá ohun tó wà nínú ìwé mu.

Túùbù tuntun kọ́kọ́ máa ń ṣiṣẹ́ ní fólítéèjì tí ilé-iṣẹ́ kọ sí i fún nǹkan bíi 200 wákàtí. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Àsìkò yìí ló ń fara balẹ̀, tí gáàsì kékeré tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ ń wábi wọ̀.

Lẹ́yìn náà, wọ́n á wọn fólítéèjì náà ní ìdí túùbù gan-an. Èyí ṣe pàtàkì. Mítà ojú ẹ̀rọ lè parọ́, wáyà tó ti ibẹ̀ lọ dé ìdí túùbù sì máa ń jẹ díẹ̀ lójú ọ̀nà nítorí áńpíà tó pọ̀. Nígbà tó jẹ́ pé 0.2 fólítì là ń bá jà, mítà tó ń ṣì í tó 0.2 kò wúlò fún wa.

Wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí i wálẹ̀, 0.1 fólítì lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á máa dúró díẹ̀ kí ooru fi balẹ̀, wọ́n á máa wo agbára tó ń jáde àti bí àwòrán ṣe rí. Níbì kan, agbára á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Ibẹ̀ ni ìkángun. Wọ́n á gbé e padà sókè ní 0.1 tàbí 0.2 fólítì, wọ́n á fi í síbẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé.

Bí oṣù ti ń lọ, kábọ́ọ̀nù ń dín kù, ìkángun yẹn á máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á gbé e sókè ní ìwọ̀n tí ó nílò, kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tó bá ti di pé ó kọjá èyí tí ilé-iṣẹ́ kọ sí i kó tó lè ṣiṣẹ́, wọ́n ti mọ̀ pé àsìkò ti tó láti wá owó túùbù tuntun.

"Ìwé yẹn ni dókítà túùbù," bàbá wí. "Ojoojúmọ́ la máa ń kọ fólítì, áńpíà àti wákàtí sínú rẹ̀. Tí fólítì kò bá yí padà, àmọ́ tí áńpíà fílámẹ́ǹtì ń gòkè, kábọ́ọ̀nù ń lọ nìyẹn." Físíìsì gbè wọ́n: tungsten tí kábọ́ọ̀nù ti jẹ ara rẹ̀ máa ń dínà iná ju tungsten lásán lọ. Bí kábọ́ọ̀nù ṣe ń lọ, iná ń rí àyè kọjá.

Ibi tí tẹlifíṣọ̀n ti yàtọ̀

Ẹni tó bá yí i wálẹ̀ jù kò ní pẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu aráàlú. Ẹ ṣé ẹ rántí àwòrán tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tó máa ń yí lọ sókè, tàbí tó máa ń fà ya sí ẹ̀gbẹ́? Tí ẹnì kan á ní kí ẹ lọ yí áńtẹ́nà, tí ẹlòmíràn á fi ọwọ́ gbá orí tẹlifíṣọ̀n?

Àwòrán tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ nílẹ̀ wa jẹ́ ìlà 625, ìgbà 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn ìlà 15,625 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ṣáájú ìlà kọ̀ọ̀kan, tiransímítà máa ń fi àmì kan ránṣẹ́ tó ń sọ fún tẹlifíṣọ̀n ilé pé, "Ó yá, bẹ̀rẹ̀ ìlà tuntun níbí." Nínú ètò tí a ń lò, àmì yẹn ni wọ́n fún ní agbára tó ga jù lọ. Ibi tó funfun nínú àwòrán ló gba agbára tó kéré jù. Ó jọ òdìkejì ohun tí ojú ń retí, àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn.

Nítorí náà, nígbà tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kò bá tó mọ́, orí àmì yẹn ni yóò kọ́kọ́ gé. Ó dà bí akọrin tí ohùn rẹ̀ ti há: orin ìsàlẹ̀ ń lọ dáadáa, àmọ́ níbi tó ga ló ti máa fọ́. Bí orí àmì bá gé jù, tẹlifíṣọ̀n ilé kò ní mọ ibi tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́, àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Kì í ṣe gbogbo ìgbà tí àwòrán bá yí ni ẹ̀bi túùbù o, áńtẹ́nà tí kò dára náà lè fà á. Ìdí nìyí tí ẹnjiníà gidi fi ń wo orí àmì yẹn lójú ẹ̀rọ tirẹ̀, kó lè mọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbá tẹlifíṣọ̀n létí.

NEPA, ọyẹ́ àti eruku

Ibí yìí ni mo ti wá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí túùbù tèmi gan-an. Bàbá bi mí pé, "Nígbà tí agbára ẹ̀rọ yín dín kù, ṣé o wọn iná tó ń wọlé?"

N kò wọ̀n ọ́n.

Tí fílámẹ́ǹtì bá ń gba iná láti ara tiransífọ́mà lásán, ohun tí iná NEPA bá ṣe ni òun náà máa ṣe. 3% nínú 240 fólítì kò ju 7 fólítì àti díẹ̀ lọ. Ìyẹn ni pé tí iná ilé bá kúrò ní 240 tó bọ́ sí 247, tí ó sì dúró síbẹ̀, ọjọ́ ayé túùbù ń lọ ní ìlọ́po méjì. Ta ló sì mọ ìyàtọ̀ 240 àti 247 lójú? Gílóòbù kò ní sọ fún yín.

Nígbà tí mo padà sí láàbù tí mo wo iná fún ọ̀sẹ̀ kan, mo rí i: ní ọ̀sán, iná máa ń rọ̀ gan-an, tí a bá tan jẹnẹrétọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó máa ń ga ju bó ṣe yẹ lọ. Túùbù wa kò ṣàìsàn rárá! Iná ọ̀sán ló rọ̀. Mo yí i sókè nítorí ọ̀sán, gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló wá ń jó epo ara rẹ̀. Àwọn ibùdó tẹlifíṣọ̀n tó mọṣẹ́ máa ń fi sitabiláísà pàtàkì sójú ọ̀nà fílámẹ́ǹtì, kí iná ìta má bàa fi wáyà inú ṣeré.

Ọ̀tá kejì ni ooru ara túùbù. Ibi tí seramiki àti irin ti lẹ̀ mọ́ra ni ẹlẹgẹ́ jù. Fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn túùbù wọ̀nyí, 250 dígírì Celsius ni òpin tí ilé-iṣẹ́ fún ibẹ̀, bó bá sì ṣe tutù sí ni ó ṣe ń pẹ́ sí. Tí ibẹ̀ bá la díẹ̀, afẹ́fẹ́ wọlé, ó parí. Ìdí nìyẹn tí fáànù ńlá fi ń fẹ́ atẹ́gùn gba àárín àwọn ewé irin tó wà lára anode. Tí ọyẹ́ bá dé, eruku á dí asẹ́ afẹ́fẹ́, á tún lẹ̀ mọ́ ewé irin yẹn bí aṣọ òtútù. Fáànù ń pariwo, ẹ ó rò pé ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ atẹ́gùn kò kọjá. Pípààrọ̀ asẹ́ kò gbówó lórí rárá bí a bá fi wé owó túùbù. Tí wọ́n bá sì pa tiransímítà, wọ́n máa ń jẹ́ kí fáànù ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i, nítorí ooru inú kò tíì jáde tán.

Ọ̀tá kẹta ni títàn àti pípa lójijì. Tungsten tó tutù kì í dínà iná tó èyí tó gbóná: kò tó ìdá mẹ́wàá rẹ̀. Bí ẹ bá tan iná lójijì, áńpíà tó máa ya wọlé á pọ̀ ju ti ìgbà iṣẹ́ lọ fíìfíì, wáyà náà á sì gbọ̀n. Wáyà tí kábọ́ọ̀nù wà lára rẹ̀ kò rọ̀, ó máa ń gán bíi gúgúrú. Nítorí náà, wọ́n máa ń tan iná fílámẹ́ǹtì ní ìpele-ìpele. Ẹ wá ro ti ibùdó tí NEPA ń mú iná lọ ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́.

Túùbù inú páálí náà ń dàgbà

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé túùbù tí wọ́n tọ́jú sínú páálí kò lè bàjẹ́. Ó lè bàjẹ́ o. Gáàsì kékeré máa ń jáde láti ara irin inú rẹ̀ bí ọdún ti ń lọ. Tí wọ́n bá gbé e jáde lọ́jọ́ kan tí wọ́n fún un ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún fólítì lẹ́ẹ̀kan náà, iná lè fò nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń gbé túùbù ìpamọ́ sẹ́nu iṣẹ́ lóòrèkóòrè, kí ó ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, kí gáàsì lè lọ. Tó bá sì ti pẹ́ nínú páálí, wọ́n á tan fílámẹ́ǹtì rẹ̀ nìkan fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó fún un ní fólítéèjì ńlá.

Tí ó bá sì kú, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó ń lọ sórí ààtàn. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tó máa ń ṣí túùbù ńlá, tí wọ́n á fi fílámẹ́ǹtì tuntun sí i, tí wọ́n á tún fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde.

Ẹ ṣọ́ra o

Kì í ṣe gbogbo túùbù là ń yí wálẹ̀. Àwọn kan wà, pàápàá àwọn kéékèèké bíi 4CX250B, tí kì í ṣe wáyà tungsten àti thorium ló ń tú ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù jáde nínú wọn, ọ̀dà oxide ni wọ́n fi kun irin inú wọn. Fún àwọn wọ̀nyí, fólítéèjì tó rẹlẹ̀ lè ba nǹkan jẹ́ bí èyí tó ga. Ẹ kọ́kọ́ ka ìwé tó bá túùbù wá.

Ẹ má sì fọ́ túùbù láti wo inú rẹ̀. Thorium ní ìtànṣán díẹ̀, àwọn túùbù kan sì ní seramiki beryllium oxide tí eruku rẹ̀ lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ títí ayé. Ojú lásán kò lè fi mọ èyí yàtọ̀ sí seramiki tí kò léwu. Nípa fólítéèjì inú tiransímítà, mi ò ní sọ púpọ̀: kì í dá èèyàn lẹ́ẹ̀kejì.

Ṣé ọ̀rọ̀ àtijọ́ kọ́ nìyí?

Òótọ́ ni pé tíránsísítọ̀ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ túùbù ní ọ̀pọ̀ ibùdó, Nàìjíríà náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí tẹlifíṣọ̀n dígítà láti ìgbà tí wọ́n ti fi Jos bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2016. Àmọ́ ẹ wo máíkírówéèfù tó wà nílé ìdáná. Túùbù ló wà nínú rẹ̀, magnetron, fílámẹ́ǹtì rẹ̀ sì jẹ́ tungsten àti thorium bíi ti bàbá. Ẹ wo ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń fi ìtànṣán wo àrùn jẹjẹrẹ: magnetron tàbí klystron ló ń fún ẹ̀rọ yẹn ní agbára. Níbẹ̀, tí túùbù bá kú, àwòrán kọ́ ló máa yí. Aláìsàn ni wọ́n máa sọ fún pé kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Àwọn tó mọ ìwà túùbù nílẹ̀ wa ti ń fẹ̀yìn tì lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ ìwé àkọsílẹ̀ wọn sì lè ti di ohun tí wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀pà. Mo bi bàbá bóyá tiwọn ṣì wà. Wọ́n ní ọ̀kan ṣoṣo ló kù, wọ́n sì gbé e wá: ìwé kan tó ti pọ́n, fólítì, áńpíà, wákàtí, ojú ìwé lórí ojú ìwé. Wákàtí 8,760 ló wà nínú ọdún kan. Túùbù kan wà níbẹ̀ tó ṣiṣẹ́ ju ìyẹn lọ lọ́nà mẹ́ta, ọwọ́ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì kọ ọ́.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Túùbù tuntun láàbù wa ti pé 1,400 wákàtí báyìí. Sitabiláísà wà lẹ́yìn rẹ̀, mo pààrọ̀ asẹ́ rẹ̀ nígbà tí ọyẹ́ parí, fílámẹ́ǹtì rẹ̀ sì wà ní 0.2 fólítì sísàlẹ̀ ohun tí wọ́n kọ sí i. Ìwé rẹ̀ wà lórí tábìlì mi. Áńpíà rẹ̀ kò tíì yí padà.